Ìwádìí Ìdílé ní Ẹsẹ̀ Òkè Himaláyà

Láti ìgbà tí a ti dé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù: "Bàbá Ràfíátù, ṣé ẹ gun òkè yẹn dé orí?" Mo máa ń sọ fún wọn pé rárá. Òkè tí yìnyín bò, òkèèrè ni mo ti wò ó, ibẹ̀ náà ni mo sì fi í sílẹ̀ sí. Ohun tí mo gùn ni àtẹ̀gùn òkúta, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ní ìsàlẹ̀ òkè ọ̀hún, láti abúlé dé abúlé. Èmi ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìdíkátù, tó fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Kì í sì í ṣe afẹ́ ló gbé wa débẹ̀. Ìwádìí ló gbé wa lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é ní Ọ̀wọ̀. Bí ọmọkùnrin kan láti Emùré-Ilé bá ní òun fẹ́ ọmọ yín, ẹ ó gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, ẹ ó wá ẹnìkan tí ẹ mọ̀, ẹ ó béèrè pé irú ilé wo ni. Ṣé wọn kì í lu ìyàwó? Ṣé ọwọ́ wọn mọ́? Kí wọ́n tó kírun Alásárì, ẹ ti padà sílé. Kódà bó jẹ́ Ìmọ̀rù tàbí Àfọ̀ lọ́hùn-ún, ọjọ́ kan náà ni. Ṣùgbọ́n Ràfíátù, ọmọ mi kejì, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú Árábù, pè mí lọ́jọ́ kan pé ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ fẹ́ òun. Ó ní Sálímù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Nẹ̀páàlì.

Mo ní, "Nẹ̀páàlì? Ṣé apá Auchi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ẹ̀gbẹ́ Íńdíà ni, níbi tí òkè tó ga jù láyé wà. Mo ní Mùsùlùmí wo ló wà lórí òkè níbẹ̀. Ó ní wọ́n wà, wọn kò kàn pọ̀ ni. Àwọn baba ńlá wọn ló ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ tà káàkiri àwọn òkè náà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ Ọ̀ghọ̀, èdè Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé, ló fi ń sọ̀rọ̀ bí inú bá ń bí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí gbogbo yín yóò ṣe gbọ́ ọ: "A ò mọ ibẹ̀, a ò mọ ènìyàn níbẹ̀, a ò ní fọmọ síbẹ̀."

Ràfíátù dá a lóhùn lórí fóònù. "Màmá, bí ẹ ò bá mọ ènìyàn níbẹ̀, ẹ wá fúnra yín."

Orúnkún kò jẹ́ kí ìyàwó mi, ìyá rẹ̀, lè lọ. Bí ó ṣe ku èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Ìlú àwọn agbẹ́gi

Oṣù kìíní ọdún ni a dé Kathmandu, olú-ìlú wọn. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Ọyẹ́ máa ń la ètè ènìyàn ni. Òtútù tibẹ̀ ń wọ inú egungun. Ràfíátù ti ṣáájú wa dé, òun àti Sálímù ló wá pàdé wa. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ojú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó tẹrí ba, ó ní, "Àsàlámù aléékúmù, Bàbá. Ẹ kú ìrìn." Ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Ìkíni nìkan ló gbọ́; Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bára wa sọ ìyókù.

Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ẹ, ó wá yíjú sí mi. "Ẹni tó kọ́ ìkíni kò tíì kọ́ ìwà."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú wa lọ sí ìlú àtijọ́. Káfíńtà ni mí láti kékeré, mo sì rò pé mo mọ igi. Ẹ̀yin ará ilé, n kò mọ nǹkan kan. Fèrèsé tí wọ́n fín bí ìyá arúgbó ṣe ń dirun fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìfi ibì kan sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tí mo wá ìṣó lára rẹ̀ tì. Ìta gbangba ni mo dúró sí, mo la ẹnu, àwọn tó ń kọjá ń yà fún mi.

Bàbá agbẹ́gi kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fín òdòdó sára pákó. Ó rí àtàǹpàkò mi, níbi tí ayùn ti gé e nígbà kan. Ó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ sókè: àpá wà níbẹ̀ náà. A bú sẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tirẹ̀. Ó na òòlù àti irin tó fi ń fín igi sí mi. Mo fín ewé òdòdó kan parí. Ó gbà á padà, ó fi ìka nu eruku kúrò, ó wò ó. Kò tún un ṣe. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fín ewé tó kàn ni. Mo ti gba ìyìn lẹ́nu ọ̀pọ̀ oníbàárà, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ènìyàn ń wò wá o, a ò lè ní wọn ò wò wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú burúkú. Ìyá arúgbó kan di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, ó fi ìka pa á lára, ó wá wo ìka náà bóyá dúdú rẹ̀ ṣí. Mo ní ìjà dé. Ẹ̀gbọ́n mi kàn na ọwọ́, ó fi ìka pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà, ó wo ìka tirẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú.

Òkè tí kò lórúkọ

Ọ̀nà ọkọ̀ wà dé abúlé Sálímù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ti ya lé e nígbà òjò. Nítorí náà ẹsẹ̀ la fi rìn. Bí ẹ bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè rí, ẹ gùn ún títí ẹ ó fi dé òkè, kí ẹ sọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ wọn ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí a dé orí èyí àkọ́kọ́, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo bi Sálímù pé kí lorúkọ òkè náà.

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. Ó ní, "Kò lórúkọ, Bàbá. Òkè lásán ni."

Oko wọn wà lára òkè bí àtẹ̀gùn, ọ̀kan lókè ọ̀kan, òkúta ni wọ́n fi dá etí rẹ̀ dúró kí òjò má baà gbá ilẹ̀ lọ. Òdòdó ewébẹ̀ kan ti sọ gbogbo oko di pupa rúsúrúsú bí inú ẹyin adìẹ, ọsàn kéékèèké sì so jìngbìnnì lẹ́yìn gbogbo ilé. Ní òwúrọ̀, kùrukùru máa ń kún àfonífojì bí omi, títí oòrùn yóò fi lé e lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi tọ́ka sókè, ó ní, "Ẹ wo ìkúukùu funfun yẹn, kò mira."

Ràfíátù ní, "Kì í ṣe ìkúukùu, Màmá. Òkè ni."

Ẹ̀gbọ́n mi tún wò ó dáadáa. Ó gbójú sókè, ó sì tún gbé e sókè sí i, nítorí ibi tí a rò pé ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀, òkè náà kò tíì parí níbẹ̀. "Sùbúhánàlláhì," ló wí. Kò tún sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n á sì mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni òkè yẹn ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn lójú ọ̀nà ló wù mí jù. "Ṣé ẹ ti jẹ ìrẹsì?" ni ìkíni wọn. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí o bá ní rárá, o ti wọ gàù, wọn á fà ọ́ wọlé. Wọn kì í pe àjèjì ní ọ̀gbẹ́ni tàbí ìyáàfin. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, bàbá, ìyá, bí gbogbo wọn ṣe ń pe ara wọn nìyẹn. "Dídì" ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi, ó túmọ̀ sí ẹ̀gbọ́n obìnrin. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń dáhùn sí i.

Ní ilé opó kan tí a sùn, wọ́n ro nǹkan kan lórí iná títí ó fi ki, wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ewébẹ̀ tí wọ́n ti jẹ́ kó kan kí wọ́n tó sá a. Ẹ̀gbọ́n mi fọ ọwọ́, ó bu òkèlè, ó tì í bọ ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ó yíjú sí mi.

"Ràjí," ó ní, "ọkà ni! Ọkà ni wọ́n ń jẹ!"

Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe èlùbọ́ iṣu, ṣùgbọ́n ọkà ni. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ tán ni opó náà ń bù sí i. A kò mọ̀ pé ńṣe lèèyàn máa ń fi ọwọ́ bo àwo bó bá ti yó. Àjẹyíràá la jẹ lọ́jọ́ náà.

Nínú apẹ̀rẹ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, níbi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tẹ òkúta tí ewédò bò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó gbì. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lójú wa. Sálímù kúnlẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí nọ́ọ̀sì, ó ní kò ṣẹ́, ó fi ìborùn ara rẹ̀ dì í. Títí dé ibẹ̀, mo gbóríyìn fún un. Ó wá ní òun yóò pọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ènìyàn kékeré. Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ tó ogún, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó, ó bojú.

Ibẹ̀ la wà tí obìnrin kan fi yọ, apẹ̀rẹ̀ koríko ewúrẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn apẹ̀rẹ̀ náà wà níwájú orí rẹ̀. Kò ga ju èjìká ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó bi Sálímù ní ọ̀rọ̀ méjì, ó da gbogbo koríko rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó tẹ́ aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ gbá a. "Dídì."

"Èmi Sìdíkátù? Nínú apẹ̀rẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi. "Ràjí, sọ fún un pé màá pa á."

Obìnrin náà kò dúró gbọ́ ìtumọ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n mi ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kọjú sí wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, wọ́n sì ti ń gun òkè tó kàn lọ. Ràfíátù tẹ̀ lé wọn. Ní gbogbo ọ̀nà ni ẹ̀gbọ́n mi ń na ìka sí mi pé n kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń ṣàdúà fún obìnrin náà lókè ohùn, fún ọrùn rẹ̀, fún ẹsẹ̀ rẹ̀, fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀.

Èmi àti Sálímù la wà lẹ́yìn. Ó dúró lójijì.

"Bàbá," ó ní, "ohun mìíràn tún wà tí n kò lè gbé."

Ó wá jẹ́wọ́. Kò sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìwádìí là ń bọ̀ wá ṣe. Ohun tó sọ ni pé a ti gbà, pé a ń bọ̀ wá so yìgì. Wọ́n ti pe àwọn ènìyàn. Wọ́n ti mú ewúrẹ́. Imáàmù ti dé láti abúlé kejì.

Mo bi í pé ṣé Ràfíátù mọ̀. Ó ní kò mọ̀. Mo ní kí ló dé.

"Bàbá mi lérò pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wá lórí òkè yìí. Mo rò pé bó bá gbọ́ pé ẹ fẹ́ wádìí òun, á ní kí ẹ má wá mọ́. Mo sì fẹ́ kí ẹ wá."

"Òpùrọ́ ni ẹ́," mo ní. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, n kò fi oyin sí i.

Tí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ ni mi ò bá ti padà. Nígbà tí a dé òkè, obìnrin náà kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi tú ìborùn ọrùn rẹ̀, ó wé e mọ́ obìnrin náà lọ́rùn pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ìyẹn ni kò lè kọ̀. Ó sáré padà lọ kó koríko rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé yóò ní ṣebí òun ti wí. Ó fi ọ̀pá tí wọ́n gé fún un kan ilẹ̀. "Ilé la wá wò," ó ní. "A máa wò ó."

Àwọn tó ń dúró dè wá

Ìgboro abúlé náà kún. Wọ́n fi òdòdó bí ìlẹ̀kẹ̀ sí wa lọ́rùn títí mi ò fi rí àyà mi mọ́. Ìyá Sálímù jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, ó fi òróró pa ọwọ́ rẹ̀, ó fún un mọ́ra bí ẹni ń pò ìyẹ̀fun, ó sì ń ki ẹ̀gbà dígí aláwọ̀ ewé bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjìlá wọlé, ọ̀kan kò fọ́. Mọ́sálásí wọn kéré, páánù ni òrùlé rẹ̀. A kí Alásárì níbẹ̀, èjìká mi kan èjìká àwọn ọkùnrin tí wọn kò gbọ́ orúkọ Ọ̀wọ̀ rí láyé wọn. Nígbà àdúà ìparí, Imáàmù ka Fátíhà sókè, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí n kò mọ̀. Ojú mi gbóná. Èyí ló jẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ ṣe túbọ̀ nira.

Lẹ́yìn ìrun, gbogbo wa jókòó. Òórùn ẹran ti gba afẹ́fẹ́. Imáàmù tún ọ̀fun ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sàdáákì. Mo gbé ọwọ́ sókè.

"Sálímù, dìde. Sọ fún bàbá rẹ ohun tí o sọ fún mi lójú ọ̀nà. Sọ gbogbo rẹ̀, kí o sì fi ohun tí mo pè ọ́ kún un."

Ó dìde. Nínú òtútù yẹn, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ràfíátù, tó ti kọ́ èdè wọn lọ́dọ̀ rẹ̀, ń túmọ̀ sí mi létí, ìgbà àkọ́kọ́ tí òun náà ń gbọ́ ọ sì nìyẹn. "Ó ti sọ ọ́, Bàbá. Kò fo nǹkan kan. Ó ní ẹ pe òun ní òpùrọ́. Ó ní òótọ́ lẹ sọ."

Bàbá Sálímù jẹ́ ọkùnrin kékeré tó gbẹ. Ogójì ọdún ló fi gbé àpótí ẹ̀gbà kiri òkè wọ̀nyẹn. Ó wò mí pẹ́. Ó wá ní kí ọmọ rẹ̀ bi mí: ní ìlú yín, ṣé gbogbo ọkùnrin lẹ ń wádìí, àbí àwa nìkan?

"Gbogbo wọn," mo ní. "Wọ́n wádìí èmi náà kí wọ́n tó fún mi ní ìyá ọmọ yìí. Wọ́n rìn dé Ìmọ̀rù, oko bàbá mi, wọ́n bi àwọn aládùúgbò bóyá mo máa ń mutí."

Nígbà tí ìtumọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin yòókù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àṣà tó dára ni. Ẹran tòní, ti àlejò ni, kì í ṣe ti ìyàwó. Láti ọ̀la, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá wù yín. Mi ò ní bá yín lọ, ọmọ mi náà kò ní bá yín lọ."

Ohun tí opó kan sọ

Ọjọ́ mẹ́rin la fi béèrè, Ràfíátù ló ń túmọ̀. Tíṣà tó kọ́ Sálímù sọ pé ọmọ tí kì í lè wo ojú tó fà ro ni. Ohun tó bá máa dùn mọ́ ọ ni yóò sọ fún ọ. Mo fi èyí sọ́kàn. Wọ́n ní olóríkunkun ni bàbá rẹ̀. Ìyẹn náà, mo fi sọ́kàn.

Ní ọjọ́ kẹta, a dé ọ̀dọ̀ opó mìíràn nísàlẹ̀ abúlé, kì í ṣe Mùsùlùmí. Nínú ẹ̀sìn tiwọn, bí ọkọ bá kú, obìnrin á bọ́ gbogbo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kú, iwájú ilé òun gan-an ni ọ̀nà tí bàbá Sálímù ń gbà lọ tajà, ibẹ̀ ló sì ti máa ń polówó ẹ̀gbà rẹ̀.

"Láti ọjọ́ náà," ó ní, "kò gba ibí mọ́. Ọ̀nà odò lọ́hùn-ún ló ń gbà, ó jìn ju èyí lọ. Ọdún mọ́kànlá. Kò sọ ọ́ fún mi rí, èmi náà kò sì bi í."

Ẹ̀gbọ́n mi, opó ni òun náà. Ó yí ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, ó yí i bọ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé nígbà tó sọ̀rọ̀. "Bàbá tó ṣe irú èyí," ó ní, "ọmọ rẹ̀ á rí nǹkan kọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá Sálímù wá bá mi lórí ògiri oko, tíṣà náà ló ń túmọ̀ fún wa. Ó ní ó yá, kí òun náà béèrè tòun: ọmọ yín ńkọ́? Mo ní kì í tètè dárí ji ènìyàn. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta rèé, kò tíì bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ìyàwó òun náà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé ọmọ òun yóò lọ sí Áfíríkà kí ó má padà wá mọ́? Mo sọ fún un pé ẹ̀rù kan náà ló gbé èmi wá láti Ọ̀wọ̀. A jókòó níbẹ̀ títí oòrùn fi pọ́n sára yìnyín òkè.

Lẹ́yìn àwọn igi ọsàn nísàlẹ̀ wa, Ràfíátù àti Sálímù dúró, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ràfíátù ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tó gòkè wá, ó ní, "Mo ti sọ fún un, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ń bà á lẹ́rù, èmi ni kó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, wọ́n tún pé jọ. Mo dìde. Mo ní, "A ti wo ilé yín. A rí ibi tó dára, a rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, gẹ́gẹ́ bí ilé tiwa. Bí ọmọ mi bá fẹ́, èmi gbà."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi náà gbà."

Mo ní kí Sálímù túmọ̀. Ó la ẹnu. Ó tún la ẹnu. Ọmọ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtìjú ara rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan, kò rí ohùn. Bàbá rẹ̀ ń wo ojú mi, ó ń wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ di etí ẹní mú.

Ràfíátù ló dìde lẹ́yìn mi. Ó kọjá níwájú gbogbo àwọn ọkùnrin náà, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá arúgbó náà bí a ṣe ń kúnlẹ̀ nílé wa, ó sì sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀, ní èdè wọn, pẹ̀lú ohùn Ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ojú bàbá náà ni mò ń wò, bí ẹ̀rín ṣe ń yọ níbẹ̀.